Ọ̀rọ̀ Kan Tí Màmá Mi Gbọ́ Lẹ́nu Nótárì

Ìwé mẹ́rin la kó lọ bá nótárì kan, ìyẹn lọ́yà tó láṣẹ láti jẹ́rìí sí ìwé, ní Ìgbóṣeré ní Èkó, ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan nígbà òjò, a sì kó mẹ́rẹ̀ẹ̀rin padà sílé láìsí òǹtẹ̀ kankan lórí wọn. Inú bí mi débi pé n kò lè jẹun alẹ́. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà ni mo tó mọ ohun tí nótárì yẹn gbà wá lọ́wọ́ rẹ̀.

Àbúrò mi ọkùnrin wà ní Kánádà. Ó fẹ́ kí Màmá wá lo nǹkan bí oṣù mẹ́fà lọ́dọ̀ òun, kí wọ́n lè rí àwọn ọmọ-ọmọ tí wọn ò tíì gbé rí. Màmá ti lé ní àádọ́rin ọdún. Ilé kan ni wọ́n ní, ní Ṣómólú, yàrá mẹ́jọ, àwọn àti bàbá wa ni wọ́n jọ kọ́ ọ. Ẹ̀gúsí tí wọ́n tà ní ọjà Oyíngbò fún ogójì ọdún wà nínú búlọ́ọ̀kù ilé yẹn. Bí wọ́n bá rìnrìn àjò, ẹnì kan gbọ́dọ̀ máa gba owó ilé, kó máa pe púlọ́ńbà, kó sì máa fọwọ́ sí rìsíìtì fún àwọn ayálégbé. Èmi àkọ́bí ló kàn.

Ìwé kìíní nìyẹn: ìwé àṣẹ aṣojú, èyí tí àwọn lọ́yà ń pè ní power of attorney. Ìkejì ni ìbúra pé oríṣiríṣi orúkọ tó wà lára àwọn ìwé Màmá, ẹnì kan náà ló ń jẹ́ wọn. Ìkẹta ni ìbúra pé àwọn ni wọ́n bí àbúrò mi, torí pé ìwé ìbí tí ìjọba ìbílẹ̀ fún un ní 1984 kò dárúkọ Màmá rárá. “Mrs” àti orúkọ bàbá wa ni akọ̀wé ọjọ́ náà kọ síbi tó yẹ kí orúkọ ìyá wà. Ìkẹrin jẹ́ ìdì kan: ẹ̀dà àwọn ìwé àtijọ́, tí a fẹ́ kí nótárì jẹ́rìí sí pé wọ́n bá ojúlówó mu.

Àwọn ará ilé kan bi mí pé kí ló dé tí a ò kàn lọ búra ní kóòtù, níwájú akọ̀wé ìbúra, bí gbogbo ènìyàn ṣe ń ṣe. Fún ọ̀pọ̀ ohun tí a máa lò nílé níbí, ti kóòtù tó. Ṣùgbọ́n àbúrò mi ti béèrè lọ́wọ́ àwọn tó máa gba ìwé náà lọ́hùn-ún, wọ́n sì ní nótárì ni àwọn fẹ́. Mo bẹ ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ ṣe irú èyí pé kó kọ́kọ́ bi ibi tí ìwé ń lọ léèrè. Ibòmíràn wà tó jẹ́ pé lẹ́yìn nótárì, ẹ ṣì máa gbé ìwé lọ sí ilé-iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ọ̀ràn ilẹ̀ òkèèrè, torí Nàìjíríà kò sí lára àwọn orílẹ̀-èdè tó fọwọ́ sí àdéhùn Hague ti ọdún 1961 tó máa ń dín irú wàhálà yẹn kù. Ní ti ìwé àṣẹ aṣojú, Òfin Ẹ̀rí ti ọdún 2011 sọ pé bó bá ti jẹ́ níwájú nótárì ni wọ́n ti fọwọ́ sí i, tí nótárì sì jẹ́rìí sí i, kóòtù á gbà pé bẹ́ẹ̀ ló rí, àyàfi bí ẹnì kan bá fi hàn pé irọ́ ni. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ kí tiwa gba ọwọ́ nótárì kọjá. Lọ́yà ni nótárì lọ́dọ̀ wa, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo lọ́yà ló jẹ́ ẹ. Adájọ́ Àgbà Orílẹ̀-èdè ló ń yàn wọ́n.

Ṣómólú tí à ń gbé, àdúgbò àwọn atẹ̀wé ni. Kò sí wákàtí tí o fẹ́ tẹ nǹkan tí o ò ní rí ẹni bá ọ tẹ̀ ẹ́. Mo lọ sí ṣọ́ọ̀bù kan tí kò jìnnà sílé, ọmọkùnrin ibẹ̀ ní ìwé àṣẹ aṣojú ti wà lórí kọ̀ǹpútà òun, orúkọ nìkan la máa pààrọ̀. Kò tó ogún ìṣẹ́jú tó fi parí. Mo kà á lálẹ́ ọjọ́ náà nígbà tí iná ti lọ, pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì fóònù. Òyìnbó àwọn lọ́yà ni, gbólóhùn kan lè gba ìlà mẹ́jọ. Mo rí ibi tí wọ́n ti kọ ọ̀rọ̀ owó ilé, ọkàn mi sì balẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni mo ṣe ohun tó ń dùn mí jù títí di òní. Kí a má baà fi àsìkò ṣòfò ní Ìsàlẹ̀ Èkó, mo ra páàdì tàdáwà, mo jókòó ti Màmá nídìí tábìlì oúnjẹ, mo di ọwọ́ wọn mú, mo sì bá wọn tẹ àtàǹpàkò sí ìsàlẹ̀ ìwé kọ̀ọ̀kan. Màmá kò kàwé òyìnbó. Ilé kéú nìkan ni wọ́n lọ. Wọ́n bi mí pé, “Kí ni wọ́n kọ síbẹ̀?” Mo ní, “Pé kí n máa bá yín gba owó ilé ni, Màmá.” Wọ́n ní, “Ó dáa,” wọ́n sì na àtàǹpàkò sí mi lẹ́ẹ̀kan sí i.

Aago mẹ́fà àárọ̀ la kúrò nílé. Fádéyì la ti wọ BRT dé CMS, a wá gba kẹ̀kẹ́ torí orúnkún Màmá. Kí a tó dé ọ́fíìsì náà, ọkùnrin kan tó wọ táì dá wa dúró. Ó wo fáìlì abẹ́ apá mi, ó ní, “Màmá, ẹ kú ìrìn o. Ẹ má wulẹ̀ gun àtẹ̀gùn kankan. Ẹ jókòó síbí, ẹ kó ìwé wá, ìṣẹ́jú mẹ́wàá, òǹtẹ̀ á ti bọ́ sórí ẹ̀.” Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, a sì kọjá lọ.

Obìnrin ni nótárì náà, ó ṣeé ṣe kí wọ́n fi bí ọdún mẹ́wàá jù mí lọ. Wọ́n kí Màmá dáadáa, wọ́n bi wọ́n bóyá wọ́n ti jẹun, wọ́n ní kí wọ́n gbé omi wá. Wọ́n wá ṣí fáìlì.

“Ta ló tẹ ìka síbí?”

“Màmá ni, mà.”

“Níbo?”

“Nílé, lálẹ́ àná.”

Wọ́n dé kálámù wọn. “Èmi ò sí níbẹ̀.”

Wọ́n béèrè àwọn ojúlówó. N kò kó wọn dání, fọ́tòkọ́pì nìkan ni mo kó wá, torí ẹ̀rù ń bà mí pé kí ìwé ilẹ̀ má lọ sọnù sínú bọ́ọ̀sì. Wọ́n ní àwọn ò lè jẹ́rìí pé ẹ̀dà bá ohun tí àwọn ò fojú rí mu. Wọ́n wo ìbúra lórí orúkọ, wọ́n fi ìka tẹ̀lé e, wọ́n fi ìka tẹ̀lé ẹ̀dà rìsíìtì ilẹ̀, wọ́n ní, “Èyí tó wà níbí kò sí nínú ìbúra yín.” Òótọ́ ni. Wọ́n tún béèrè ẹni tó kọ ìwé àṣẹ náà fún Màmá. Òfin kan wà tó ń dáàbò bo àwọn tí kò mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà, ó ní kí ẹni tó bá bá wọn kọ ìwé kọ orúkọ àti àdírẹ́sì ara rẹ̀ sí i, kó sì ti kà á fún wọn, kó túmọ̀ rẹ̀ yé wọn. Kò sí orúkọ ẹnikẹ́ni lórí tiwa.

Wọn ò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ wa. Wọ́n dá ọjọ́ mìíràn fún wa, wọ́n sì fún mi ní ìwé pélébé kan tí wọ́n kọ bí ọ̀rọ̀ ìtumọ̀ tó gbọ́dọ̀ wà ní ìsàlẹ̀ ṣe máa rí sí. Nígbà tí a bọ́ sóde, ọkùnrin onítáì yẹn ṣì wà níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ òtítọ́: mo dúró. Mo wo ẹsẹ̀ Màmá tó ti wú, mo rántí owó ọkọ̀, mo rántí ọjọ́ tí mo gbà níbi iṣẹ́. Màmá ló fà mí lọ́wọ́. Wọ́n ní, “Àbẹ̀kẹ́, obìnrin yẹn ò burú. Ó béèrè bóyá mo ti jẹun.”

Ọ̀rọ̀ orúkọ ni mo fi ọ̀sẹ̀ méjì yẹn ṣe, mo sì fẹ́ dúró díẹ̀ lórí ẹ̀, torí àwa Yorùbá ni ọ̀ràn yìí bá jù. N kò ní kọ orúkọ Màmá síbí, ẹ jẹ́ kí a fi Sikirátù ṣe àpẹẹrẹ. Ní 1987, wọ́n lọ búra ọjọ́ orí ní kóòtù Ìgbóṣeré, wọ́n kọ Sikiratu pẹ̀lú orúkọ ilé bàbá wọn. Nígbà tí wọ́n ra ilẹ̀, ẹni tó kọ rìsíìtì kọ Sikirat, ó sì fi orúkọ ọkọ sí i. Nígbà tó di ti NIN, ọmọdébìnrin tó jókòó sídìí kọ̀ǹpútà kọ Shukurat, torí ó ní bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń kọ tẹ̀gbọ́n òun, ohun tó wà lórí NIN náà ló sì bọ́ sínú páspọ́ọ̀tù. Lẹ́nu wa, orúkọ kan ni. Lójú òyìnbó tó jókòó sí Ottawa, obìnrin mẹ́ta ni. Orúkọ tó jẹ́ Yorùbá pọ́ńbélé náà ò bọ́. Ẹ wo Ṣadé: àmì abẹ́ ṣ kì í sí lórí káàdì wa, ẹlòmíràn á kọ Sade, ẹlòmíràn á kọ Shade, ẹlòmíràn á wá kọ ọ́ tán pátápátá, Folasade. Ilé kan náà, ọmọ kan náà.

Mo tẹ́ gbogbo ìwé Màmá sórí bẹ́ẹ̀dì, ojúlówó gbogbo, láti orí ìbúra 1987 dé orí páspọ́ọ̀tù. Mo mú ìwé àkọsílẹ̀ ọmọ mi, mo ń da orúkọ kọ̀ọ̀kan kọ gẹ́lẹ́ bí mo ṣe rí i, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú ọjọ́ ìbí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ibẹ̀ ni mo ti rí i pé rìsíìtì iná kan wà tó tún kọ ọ́ lọ́nà kẹrin. Mo yọ ìyẹn kúrò nínú ìdì, torí kò sẹ́ni tó béèrè rẹ̀. Ìwé tí wọn ò bá béèrè, ẹ má fi ṣe ẹrù fún ara yín. Ìbúra 1987 yẹn ni mo tọ́jú jù. Iná jó kóòtù Ìgbóṣeré ní oṣù Kẹwàá ọdún 2020, n kò sì fẹ́ dánwò bóyá mo lè rí ẹ̀dà mìíràn gbà. Mo fi í sínú nylon líle, mo fi páálí sí i níwájú àti lẹ́yìn, mo so ó mọ́ra nínú ìró.

Mo padà lọ bá ọmọkùnrin atẹ̀wé kí ó tẹ gbogbo rẹ̀ tuntun, kí àtàǹpàkò àtijọ́ kúrò lórí ẹ̀. Mo ní kó fi orúkọ àti àdírẹ́sì rẹ̀ sí ìsàlẹ̀ ìwé àṣẹ aṣojú gẹ́gẹ́ bí ẹni tó kọ ọ́. Ojú rẹ̀ yí padà. Ó ní òun kàn ń tẹ̀wé ni, òun kọ́ ló kọ ọ́. Mo ní ta wá ni? Ó ní oníbàárà kan ló gbé e wá nígbà kan, òun sì ti ń lò ó láti ìgbà náà. Ó ti bá ọ̀pọ̀ ènìyàn pààrọ̀ orúkọ sínú ìwé yẹn, kò sì sẹ́ni tó mọ olówó rẹ̀. Ó yẹ kí n ti dúró níbẹ̀. Dípò bẹ́ẹ̀, orúkọ tèmi ni mo ní kó fi sí i, mo san owó rẹ̀, mo sì lọ.

Nígbà kejì tí a dé ọ́fíìsì náà, nótárì wo orúkọ yẹn fún ìgbà pípẹ́. Wọ́n ní, “Ìwọ lo kọ ọ́, ìwọ náà ni ìwé fún láṣẹ. A máa kà á látòkèdélẹ̀.” Wọ́n ní kí n lọ jókòó sẹ́bàá fèrèsé, kí n má dá sí i. Mo ti rò pé èmi ni màá túmọ̀ fún Màmá. Wọ́n ní ẹni tí ìwé bá ṣe láǹfààní kọ́ ló ń túmọ̀ rẹ̀. Àwọn fúnra wọn ló kà á, gbólóhùn kan ní òyìnbó, wọ́n á wá sọ ọ́ ní Yorùbá, Yorùbá Èkó tó mọ́ tónítóní. Láti ojú fèrèsé mo ń gbọ́ ariwo àwọn tó ń ta búrẹ́dì nísàlẹ̀, mo sì ń gbọ́ ohùn nótárì.

“Láti fi yàrá fún ayálégbé. Láti gba owó ilé, kó sì fún wọn ní rìsíìtì. Láti lé ayálégbé tó bá kọ̀ tí kò sanwó. Láti tún ilé náà ṣe. Láti fi ilé náà dúró fún gbèsè. Láti tà á, ní iye tó bá wù ú, kó sì gba owó rẹ̀.”

Màmá gbé ọwọ́ sókè. “Ẹ dúró níbẹ̀ yẹn. Láti kí ni?”

“Láti tà á, Màmá.”

“Ilé Ṣómólú?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, mà.”

Màmá ò wò mí. Páàdì tàdáwà tó wà lórí tábìlì ni wọ́n ń wò. Ohùn wọn lọ sílẹ̀ gan-an nígbà tí wọ́n bi nótárì pé, “Ṣé ọmọ mi ló ní kí wọ́n kọ bẹ́ẹ̀?”

N kò lè ṣàpèjúwe bí ọ̀rọ̀ yẹn ṣe rí lára mi. Mo kúnlẹ̀ níbi tí mo wà. Mo ní, “Màmá, n kò rí i. Mo fi Ọlọ́run búra, n kò rí i.” Òtítọ́ ni, ṣùgbọ́n mo ti tẹ àtàǹpàkò wọn sí gbólóhùn yẹn rí pẹ̀lú ọwọ́ ara mi, nídìí tábìlì tí wọ́n ti bọ́ mi dàgbà. Ká ní nótárì àkọ́kọ́ tí a bá pàdé jẹ́ ẹni tó ń fi òǹtẹ̀ sí ohunkóhun, ìwé yẹn ì bá ti wà. Èmi ò ní ta ilé Màmá láé. Ṣùgbọ́n ìwé kì í mọ ọkàn ẹni tó mú un dání, bí mo bá sì kú, ta ni yóò bá fáìlì mi?

Nótárì jẹ́ kí a dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Wọ́n wá sọ fún Màmá pé kì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́ tí àwọn máa bá ọ̀rọ̀ yẹn pàdé nínú ìwé tí wọ́n kàn pààrọ̀ orúkọ inú rẹ̀, pé ohun tí ẹ̀yin Màmá bá fẹ́ la máa kọ. Wọ́n bi wọ́n léèrè lọ́kọ̀ọ̀kan. Owó ilé? Bẹ́ẹ̀ ni. Àtúnṣe? Bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n bí owó àtúnṣe bá pọ̀, kí wọ́n kọ́kọ́ pe òun. Lílé ayálégbé? Màmá rò ó. Wọ́n ní rárá, ìyá kan wà nínú yàrá kẹta tí kì í sanwó lásìkò, ọkọ rẹ̀ ló kú, kí ẹnikẹ́ni má lé e títí àwọn á fi dé. Mi ò mọ̀ pé Màmá ní irú èrò bẹ́ẹ̀ lọ́kàn. N kò bi wọ́n rí.

Akọ̀wé ọ́fíìsì tún ojú ewé kejì tẹ̀. Wọ́n yọ títà kúrò, wọ́n yọ fífi dúró fún gbèsè kúrò, wọ́n sì fi ìlà kan sí i tó sọ gbangba pé aṣojú kò ní àṣẹ láti ṣe méjèèjì. Wọ́n fi ọjọ́ tí àṣẹ náà máa parí sí i. Nótárì tún kà á láti ìbẹ̀rẹ̀, bí ẹni pé a kò kà á rí.

Ìyókù yá. Wọ́n wo ojúlówó kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ẹ̀dà rẹ̀, wọ́n wo ojú Màmá mọ́ ti inú páspọ́ọ̀tù, wọ́n ka ìbúra méjèèjì, Màmá sì búra. Lọ́yà tó bá ń ṣojú fún ènìyàn nínú ẹjọ́, wọ́n ní kò yẹ kó jẹ́ òun kan náà ló máa gba ìbúra oníbàárà rẹ̀, kóòtù lè kọ irú ìbúra bẹ́ẹ̀. Àwa ò ní lọ́yà kankan, nítorí náà ìyẹn ò kàn wá. Àtàǹpàkò ló fẹ́ dá wa dúró. Ogójì ọdún ẹ̀gúsí bíbó ti ha ìka Màmá dán, ìlà ara rẹ̀ kò jáde dáadáa. Akọ̀wé fi aṣọ tútù nù ún, ó nù ún gbẹ, ó wá ń yí i díẹ̀díẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ kan dé ìkejì, bí ẹni ń yí ọmọ tuntun lórí ẹní. Ní ìgbà kẹta ló mú. A tẹ ìdì mẹ́ta bẹ́ẹ̀: ọ̀kan fún Kánádà, ọ̀kan fún mi, ọ̀kan fún Màmá. Òǹtẹ̀ bọ́ sórí wọn, èdìdì pupa tẹ̀lé e. Nótárì kìlọ̀ fún mi pé kí n má tú pín-ìn-nì ìwé náà nítorí fọ́tòkọ́pì, torí ẹni tó bá rí ihò méjì ní igun ìwé máa fura pé wọ́n ti pààrọ̀ ojú ewé kan.

Ọbáléndé la ti wọ bọ́ọ̀sì padà. Màmá jókòó sẹ́bàá fèrèsé, fáìlì tiwọn wà lórí itan wọn, wọn ò jẹ́ kí n bá wọn mú un. A dé orí Third Mainland, ọ̀sà ń dán lápá ọ̀tún wa, kí wọ́n tó sọ̀rọ̀.

“Ojú ewé wo ni wọ́n ti yọ títà yẹn?”

“Ìkejì, Màmá.”

Wọ́n ṣí fáìlì, wọ́n ṣí i dé ìkejì, wọ́n gbé e sí mi lọ́wọ́. “Kà á fún mi. Díẹ̀díẹ̀.”

Mo bẹ̀rẹ̀ sí kà á.